Sàréè Tó Wà Nínú Máàpù

Nígbà tí Qaanitah gba ìwé wọlé sí yunifásítì láti lọ kọ́ jọ́gíráfì, gbogbo agboolé ló bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà o. Ẹ̀rín ni ṣá.

"Jọ́gíráfì?" Àǹtí Àbẹ̀ní, àbúrò olórí ẹbí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. "Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn jẹ? Ṣé òkè ni yóò máa tà ni àbí odò?"

Ashraf, ọmọ olórí ẹbí, gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kọ́ lọ́yà, wọ́n ń kọ́ nọ́ọ̀sì. Ìwọ fẹ́ lọ ka orúkọ òkè. Ó dáa. Tó o bá rí ibi tí iná mànàmáná ilé yìí ń gbà sá lọ, wá fi hàn wá."

Sàfúrátù, ìyá ọmọ náà, bá wọn rẹ́rìn-ín. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Wọ́n bá dákẹ́, á dákẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, aṣọ ló ń tà ní Jankara, ìwé mẹ́fà ló sì kà. Tàófíìkì ọkọ rẹ̀, ọmọ bíbí agboolé náà ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ti kú láti ọdún mẹ́ta. Qaanitah nìkan ni wọ́n bí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Tàófíìkì lọ sí itẹ́ òkú ni Sàfúrátù ti ń rìn nínú ilé náà bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ yíyọ̀.

Ohun kan ló ń bà á lẹ́rù, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú agboolé náà, àwọn àgbà ayé àtijọ́, inú ọgbà ni wọ́n sin wọ́n sí. Òmíràn wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá tó gbé nígbà ayé rẹ̀, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, òmíràn wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ wọn ń gbé yí wọn ká. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ Tàófíìkì, Àǹtí Àbẹ̀ní ń bu ọbẹ̀ fún àwọn àlejò, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ opó. Ó ní, "Nínú ilé tiwa yìí, ẹni tí sàréè bàbá rẹ̀ bá wà nílẹ̀, onílé ni. Ẹni tí kò bá ní, ayálégbé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sàfúrátù lára ṣinṣin. Ó mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un. Bàbá Gàníyù tó bí Tàófíìkì, Ẹ̀pẹ́ ló kú sí, níbi tó ti lọ ra ẹja. Ẹ̀pẹ́ náà ni wọ́n sin ín sí. Kò sí eegun rẹ̀ kankan nínú ọgbà.

Ó gbé e mì. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbé e mì.

Qaanitah ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù nǹkan kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá wálé, á jókòó ti ìyá rẹ̀, á máa sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

"Màámi, ẹ mọ̀ pé ẹrẹ̀ àti omi ni ọ̀pọ̀ ibi nínú Ìsàlẹ̀ Èkó yìí tẹ́lẹ̀? Wọ́n kàn rọ́ ilẹ̀ dí i ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Òjò tó máa ń wọ yàrá wa yẹn, ẹ máa ń bú u. Kò mọ̀ pé ilé ni. Ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ ló ń wá."

Sàfúrátù á mi orí. Kò yé e tán, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn. Lọ́jà, tí oníbàárà bá béèrè pé kí ni ọmọ ń kọ́, á tẹ́ aṣọ lé itan, á sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà ṣì í pè: "Jọ́-gí-rá-fì. Ilẹ̀ ni wọ́n ń kà, bí èèyàn ṣe ń ka ìwé."

Ọdún kẹrin dé, ọdún àṣekágbá. Qaanitah ní agboolé àwọn lòun fẹ́ ya máàpù rẹ̀ fún pírójẹ́ẹ̀tì: gbogbo yàrá, gbogbo ẹnu ọ̀nà, gbogbo sàréè, àti bí àwọn alààyè ṣe tò yí àwọn òkú ká. Olùkọ́ rẹ̀ ní irú rẹ̀ kò tíì gba orí tábìlì òun kọjá rí. Sátidé mẹ́ta ni ìyá àti ọmọ fi ń wọn ilẹ̀. Sàfúrátù ló ń di ìdí téèpù mú.

"Ẹ fà á le, Màámi."

"Ó ti le. Ọwọ́ mi ni yóò já."

"Ẹ má gbé e sókè. Ẹ fi í lélẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọmọ lélẹ̀."

"Àwọn tó ń fi ọmọ lélẹ̀, ṣé wọ́n máa ń fa ọmọ le báyìí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Qaanitah fi gbàgbé iye mítà tó kà, wọ́n sì tún un wọ̀n. Kò sí ọjọ́ tí inú Sàfúrátù dùn tó Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Sátidé kẹta ni. Oòrùn ti ń mú. Qaanitah yí ìwé rẹ̀ síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé ojú sókè.

"Màámi, tiwa ńkọ́? Bàbá Gàníyù. Ibo ni sàréè wọn wà?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ̀pẹ́. Ó wà lórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n Àǹtí Àbẹ̀ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ náà sì dúró. Sàfúrátù rí i pé ó dúró. Ó rí ìwé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo ìdílé tó wà nínú ilé síwájú sàréè wọn, tí ibì kan ṣoṣo sì ṣófo. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra kó tó mọ̀. Ó na ìka sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ibi tí dúrọ́ọ̀mù omi méjì wà.

"Ibẹ̀ yẹn."

"Abẹ́ dúrọ́ọ̀mù?"

"Abẹ́ ẹ̀ ni. Wọ́n ti da kọnkéré lé e. Ó ti pẹ́."

Abẹ̀bẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Qaanitah rìn lọ síbẹ̀. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yí dúrọ́ọ̀mù méjèèjì kúrò, ó gbálẹ̀, ó da omi sí i, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ka Fàtíhà. Sàfúrátù di ìdí téèpù mú, kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Jímọ̀ tí Qaanitah bá wálé, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yà sí. "Mo ti kí Bàbá," á sọ bẹ́ẹ̀ tó bá wọlé. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ọlọ́run á gbọ́." Nínú ara rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé: ìwé ọmọ iléèwé ni, ta ni yóò kà á?

Wọ́n kà á. Qaanitah tẹ ẹ̀dà kan gàgàrà, ó fi ta ẹbí lọ́rẹ. Bàbá Ṣàíbù, olórí ẹbí, gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ashraf tó ti ń fi í rẹ́rìn-ín wá di ẹni tó ń mú àlejò wá wò ó. "Ọmọ wa ló yà á o. Ẹ wo yàrá mi. Ẹ wo kànga." Nígbà tí ẹbí wá fẹnu kò pé kí kọngílá wó ẹ̀yìn ilé tó ti ń fì, kó tún un kọ́, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó eegun àwọn bàbá tó wà lẹ́yìn lọ sí itẹ́ òkú, kí ẹnikẹ́ni má baà ri òpó mọ́ wọn lórí. Sàréè mẹ́ta ló wà lẹ́yìn nínú máàpù. Ẹ̀kẹta ni ti Bàbá Gàníyù.

Ọjọ́ Ajé ni Sàfúrátù gbọ́. Ọjọ́rú ni wọn yóò gbẹ́ ẹ. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Qaanitah."

"Màámi, mo ti gbọ́! Mo ń bọ̀. Olùkọ́ mi ní kí n ya fọ́tò."

"Ẹ̀hẹ́n. Ó dáa." Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó yí padà. "Ṣé o ti jẹun?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ó rìn dé iwájú pálọ̀ Bàbá Ṣàíbù, ó gbọ́ ohùn Àbẹ̀ní nínú ibẹ̀, ó sì kọjá lọ bí ẹni tó ń lọ pọn omi. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òjò rọ̀. Òjò kò rọ̀.

Ní Ọjọ́rú, Bàbá Ṣàíbù kò sí nílé. Ó ti lọ sí Ìgbósẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, lọ́yà ẹbí ní kó wá fọwọ́ sí ìwé. Ashraf ló dúró sí ipò rẹ̀. Alùfáà méjì wà níbẹ̀, àwọn agbẹ́lẹ̀ méjì, àti gbogbo ará ilé. Qaanitah wọ híjáábù gígùn, ó gbé máàpù lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Ó dúró, ó wọ̀n ọ́n, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀kínní. Wọ́n bá a. Wọ́n gbẹ́ èkejì. Wọ́n bá a, kò fi ẹsẹ̀ kan yẹ̀.

"Máṣàálláhù!" Ashraf pariwo. "Ẹ rí i? Ẹ ní kí ni wọ́n ń fi jọ́gíráfì jẹ?"

Qaanitah rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó lọ dúró níbi tó ti ń kí bàbá bàbá rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ oṣù wá.

Wọ́n fọ́ kọnkéré. Iyanrìn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ sí i. Ìkarahun. Ìgò fífọ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí apá ọ̀tún, wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí apá òsì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ìsàlẹ̀. Agbẹ́lẹ̀ kan gbé orí sókè, ó ní, "Alùfáà, kò sí ẹnikẹ́ni níbí. Ilẹ̀ yìí, wọn ò gbẹ́ ẹ rí."

Àwọn ará ilé sún mọ́ ihò náà.

"Wọ́n dà?" ni Àǹtí Àbẹ̀ní wí.

Qaanitah wo máàpù. Ó wo fóònù. Lẹ́yìn náà ló wo ìyá rẹ̀. Wíwò yẹn kò pẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń wo ihò. Sàfúrátù nìkan ni kò wò ó. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Qaanitah rí i pé kò wo ihò. Ó ti mọ̀.

Ẹ̀rù ti di Sàfúrátù lẹ́nu. Ó gbọ́ nínú ara rẹ̀ pé: sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀ báyìí, ìwọ obìnrin yìí. Ètè rẹ̀ kò ṣí.

"Àṣìṣe mi ni," ni Qaanitah wí. "Èmi ni mo ṣì í wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"O ṣì í wọ̀n?" Ashraf wo ó, ó wo àwọn agbẹ́lẹ̀, ojú ti òun náà lójú wọn. "Ọdún mẹ́rin gbáko! Ọmọ jọ́gíráfì tí kò mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá ẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ ká máa wá a lọ sí Ìdúmàgbò," ni agbẹ́lẹ̀ kan wí, àwọn tó kù sì fi ẹ̀rín sí i.

"Mo sọ ọ́ lọ́jọ́sí," Àǹtí Àbẹ̀ní ní. "Ẹ ní mo ń fi ọmọ ṣẹ̀sín."

Qaanitah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó bẹ àwọn alùfáà ní ìkúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì nínú ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́.

Nínú yàrá, lẹ́yìn ìrun Àílà, Qaanitah jókòó sórí àpótí. Kò pariwo.

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Ẹ̀pẹ́."

"Ẹ̀pẹ́ ibo?"

"N kò mọ̀. Bàbá ẹ kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Qaanitah, ẹ̀rù ló bà mí. Tí wọ́n bá ní a ò ní... tí wọ́n bá ní ká kó ẹrù wa, ibo la fẹ́ lọ? Ìwọ ni mo rò."

"Màámi, ẹ mọ iye Jímọ̀ tí mo fi ń kí ilẹ̀ lásán?"

Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó wà lórí ibùsùn.

"Mo máa ń sọ gbogbo nǹkan fún wọn. Ẹ ò mọ̀. Mo máa ń sọ ìdánwò mi fún wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀ ń sapá." Ó fi etí híjáábù nu ojú. "Nígbà tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo ń dúró. Mo ní Màámi á sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré."

"Mo fẹ́ sọ ọ́."

"Ẹ ò sọ ọ́."

Kí wọ́n tó pe ìrun Alaasari, ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù. Sàfúrátù gbọ́ ọ nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Jankara, ó gbé e sún mọ́ etí, aṣọ tó ń ká wà lọ́wọ́ kejì. "Mo ti sọ òtítọ́ fún olùkọ́ mi, pé máàpù náà kò péye. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. N kò ní lè jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. N kò dárúkọ yín."

Ó tún un gbọ́. N kò dárúkọ yín. Oníbàárà kan ń béèrè iye aṣọ, kò gbọ́. Ó ti ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan, ó gba ilé lọ, ó wọ pálọ̀ Bàbá Ṣàíbù láì kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ọmọ yẹn kò ṣì í wọ̀n. Èmi ni mo parọ́."

Bàbá Ṣàíbù ń gbọ́ rédíò. Ó pa á.

"Ìyàwó, mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Èmi wà lára àwọn tó wẹ Gàníyù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí kékeré kan tó kọjú sí ọ̀sà ni a sin ín sí ní Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ gbé máàpù wá, mo rí orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ní háà, ìyàwó wa ń fi ewé bo ara. Ta ni èmi tí yóò já ewé náà?"

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò..."

"Mo ti ní kí Ashraf dúró dè mí. Kò dúró. Nígbà tí mo ti Ìgbósẹ̀rẹ̀ dé, ọmọ ti lọ. Ìwọ ni mo wá ń dúró dè." Ó fà sẹ́yìn nínú àga. "Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Ta ló sọ fún ọ pé a ó lé ọ?"

"Àǹtí Àbẹ̀ní. Lọ́jọ́ fídáù. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní sàréè, ayálégbé ni."

"Àbẹ̀ní!" Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Àbẹ̀ní, tó tún jẹ́ bàbá mi, Mẹ́kà ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Sàréè bàbá wa àgbà ni ọmọ kọ orúkọ wa sí. Ṣé wọ́n ti lé wa ni? Yàrá Tàófíìkì, ti ọmọ rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè gbà á. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó rò ó. Ọdún méje, Ìyàwó. O kò sì béèrè."

Sàfúrátù gbé iwájú orí lé ilẹ̀. Kò sunkún. Ẹkún ì bá san.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró láàárín ọgbà, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó sọ ọ́ ní gbígé-gbígé, ó ń pàdánù ọ̀rọ̀, ó ń wá a rí. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ashraf kàn mi orí: "Ìyá Qaanitah! Ẹ̀yin náà! Ẹ̀ bá ti sọ fún wa." Àǹtí Àbẹ̀ní ní òun kò rántí pé òun sọ ọ̀rọ̀ kankan lọ́jọ́ fídáù. Ó tún bu ẹ̀wà fún un. Ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án mọ́.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí yunifásítì ní Sátidé. Qaanitah sọ̀ kalẹ̀ wá láti inú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà."

Mà. Kò pè é ní Màámi.

Ó gbé àga fún un. Ó da omi tútù sínú ife tó fọ̀ lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Sàfúrátù sọ gbogbo rẹ̀: ti Bàbá Ṣàíbù, ti Àbẹ̀ní, bí òun ṣe dúró láàárín ọgbà. Ó ní òun ṣe tán láti lọ rí olùkọ́ náà fúnra òun.

"Ẹ ṣé, mà. Wọ́n ti parí ètò yẹn."

"Ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí wọ́n sin Bàbá Gàníyù sí. Ẹ̀pẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kékeré kan tó kọjú sí ọ̀sà."

Qaanitah mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó kọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó béèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi bá àwọn àgbà tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀: "Yàtọ̀ sí yín àti Bàbá Ṣàíbù, ta ló tún lè jẹ́rìí sí i?"

Sàfúrátù wò ó. "O kò gbà mí gbọ́."

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, mà."

Ìyá mu omi náà títí ó fi tán. "Wálé," ó ní. "Yàrá wà. Kò sẹ́ni tó lé wa."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ máa lò ó."

Ó sìn ín dé ibùdókọ̀. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà fún un: ọkọ̀ tí yóò wọ̀, ibi tí yóò ti sọ̀, apá tó gbọ́dọ̀ gbà kó tó kọjá títì, afárá tí yóò rí lọ́wọ́ òsì. Ọgbọ̀n ọdún ni Sàfúrátù ti ń gba ọ̀nà náà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń mi orí, kò já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ó mọ̀ pé tó bá ti parí, ó dàbọ̀ ló kù tí yóò sọ.